Ẹni Tó Ní Kó Máa Lọ

Nígbà tí ogun Òkun Pupa fi máa kan Ajégúnlẹ̀, owú ti ń gbé ilé Morádéún láti ọdún méje, ó tiẹ̀ ti ní àga tirẹ̀ nínú pálọ̀.

Aránṣọ ni Morádéún ní Bàǹdẹ̀rì, yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé ló sì ń rán jù. Akínsànyà ọkọ rẹ̀ ń se oúnjẹ nínú ọkọ̀ ojú omi. Oṣù mẹ́sàn-án ló ń lò lórí òkun, oṣù mẹ́ta nílé, bó bá sì ti wálé, òun ló ń dáná. Àwọn obìnrin àdúgbò a máa sọ fún Morádéún pé ó ríre, pé ọkọ wo ló tún ń gbé ọbẹ̀ ka iwájú ìyàwó láyé tí a wà yìí. Wọn ò mọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Akínsànyà kò yin ọbẹ̀ ìyàwó rẹ̀ rí. Bó bá tọ́ ọ wò, á rọra ní, "Ó dáa o, àmọ́ bí Ìyá Osaro ṣe máa ń sè é…" Kò ní parí ọ̀rọ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ kò tiẹ̀ yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Ìyá Osaro tí à ń wí yìí, Oghogho lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Ẹdó ni, opó ni, ó sì ní búkà kan ní Liverpool Road tí àwọn awakọ̀ tírélà ti ń jẹun. Níbẹ̀ ni Akínsànyà ti fi ọdún mẹ́fà kọ́ oúnjẹ sísè kó tó rí ìwé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi gbà. Obìnrin náà fi ọdún mẹ́wàá ju Morádéún lọ, ara rẹ̀ sì ṣì ń dán. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé bó bá rí Morádéún, "ìyàwó wa" ló máa ń pè é, bí ẹni pé òun wà lára àwọn tó tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Morádéún á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ káàsán mà," nítorí ilé tó ti jáde ò fi àgbà ṣeré. Ìkúnlẹ̀ yẹn a máa dùn ún ju ìgbátí lọ. Òjòwú ò lẹ́ran láyà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì rí Morádéún lọ́dún náà á mọ̀ pé àwọn àgbà ò parọ́.

Ní ọdún náà, àwọn tó ń jagun lẹ́bàá Òkun Pupa ń ta àdó olóró lu ọkọ̀ ẹrù tó bá gba ibẹ̀ kọjá. Wọn kì í bèèrè pé ta ló ń dáná nínú ẹ̀. Kalísta lorúkọ ọkọ̀ tí Akínsànyà wà. Ajílẹ̀ ló kó, Mombasa ló ń lọ, ó sì ti dúró sí Súésì, lẹ́nu Òkun Pupa, bí ọmọ ogun tó dé etí odò tó wá rí i pé ọ̀tá ti ba sí òdìkejì. Ènìyàn mọ́kàndínlógún ló wà nínú rẹ̀, mẹ́rin nínú wọn jẹ́ ọmọ Ajégúnlẹ̀. Òfin àwọn òṣìṣẹ́ ojú òkun sì ni pé a kì í fi tipátipá mú ẹnikẹ́ni wọ ibi tí ogun wà. Ẹni tó bá ní òun ò lọ, wọ́n á sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọ́n á dá a padà sílé.

Azubuike ló bá àwọn tó ni ọkọ̀ gba àwọn mẹ́rin yìí síṣẹ́. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Wharf Road, ó sì mọ ará Ajégúnlẹ̀ dáadáa. Ó mọ̀ pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹnu ọ̀nà òun ni wọ́n máa wá dáná sun táyà sí. Ló bá ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí pé kí wọ́n wá ní Ọjọ́bọ̀, aago mọ́kànlá àárọ̀, kí oníkálukú bá èèyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójú gbogbo wọn, kí èèyàn náà sì fẹnu ara rẹ̀ sọ bóyá òun á lọ tàbí òun á sọ̀kalẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìyá Akínsànyà pe ìyàwó ọmọ rẹ̀ láti Ẹ̀pẹ́.

"Morádéún, ẹsẹ̀ mi ò lè gbé mi dé Àpápá. Ìwọ lẹnu mi. Sọ fún un kó sọ̀kalẹ̀. Ogun tí kì í ṣe tiwa, kí ló kan ọmọ mi níbẹ̀?"

"Mo ti gbọ́ mà. Ohun tí mo fẹ́ lọ sọ náà nìyẹn."

Òótọ́ ló sì sọ. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí oorun ò ti kùn ún. Nígbà tó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá ní Bàǹdẹ̀rì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu rẹ̀, òun náà ni sọ̀kalẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ rí nígbà tó wọ ọ́fíìsì ni Oghogho. Àga iwájú ló wà, ó fi gèlè wé orí dáadáa. Morádéún kúnlẹ̀ kí i, ó dìde, ó sì lọ bá Azubuike lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni wọ́n wá ṣe níbí?"

Azubuike tú ìwé wò. "Madam, names méjì ni ọkọ yín kọ síbí. Ẹ̀yin ni wife. Àwọn ni… ó kọ 'ẹ̀gbọ́n' síwájú ẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n? Ẹdó wo ló bá Ìjẹ̀bú tan?"

Oghogho gbọ́. "Ìyàwó wa, no vex. Mo ní kí n ṣáà gbọ́ ohùn ẹ̀ ni."

"Kò sí wàhálà mà," ni Morádéún wí. Ó lọ jókòó, ó fi eyín gé ètè rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ ogun làwọn ìyá àti bàbá wọ̀nyẹn di láàárọ̀ ọjọ́ náà, nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ ń jo omi sínú báàfù. Bàbá Ṣódìyà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ogójì ọdún ló fi ṣiṣẹ́ ojú òkun kó tó fẹ̀yìn tì, Fikáyọ̀ ọmọ rẹ̀ sì wà nínú Kalísta.

"Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n," ni bàbá náà wí. "Kí gbogbo wọn sọ̀kalẹ̀. Akin tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ní í bá ogun lọ."

Tochukwu, tí àbúrò rẹ̀ jẹ́ oníṣẹ́ irin nínú ọkọ̀ náà, mi orí. "Baba, ẹ ti fẹ̀yìn tì, ẹ lè sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ today, orúkọ ẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Which ship go carry am again?"

"Ṣé òkú ni ọkọ̀ máa ń gbà síṣẹ́?" Perpetual ló bi í bẹ́ẹ̀. Preye ọmọ rẹ̀ ni igbá-kejì Akínsànyà nínú kíṣìnnì ọkọ̀. Ó yíjú sí Morádéún. "Madam, ọ̀rọ̀ tèmi ń bẹ lọ́wọ́ yín o. Preye sọ fún mi pé òun àti Ọ̀gá Sanya ti búra. Iyọ̀ ni wọ́n jọ lá. Bí ẹnì kan bá lọ, ìkejì á lọ, bí ẹnì kan bá sọ̀kalẹ̀, ìkejì á sọ̀kalẹ̀. Ohun tí ọkọ yín bá sọ lọmọ mi máa sọ."

"Ẹ fọkàn balẹ̀," ni Morádéún dá a lóhùn. "Wọ́n ń bọ̀ nílé."

Wọ́n tan tẹlifíṣọ̀n tó wà lára ògiri, wọ́n so fóònù mọ́ ọn, ojú ọ̀gá ọkọ̀ sì yọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn èèyàn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan. Fikáyọ̀ ní òun á sọ̀kalẹ̀, bàbá rẹ̀ sì tú èémí sílẹ̀. Àbúrò Tochukwu ní òun ń lọ. Ó wá kan Akínsànyà.

Épírọ́ọ̀nù ló wà lọ́rùn rẹ̀, ìyẹ̀fun funfun sì lẹ̀ mọ́ ọn létí. "Ẹ kú ìjókòó o, gbogbo ilé," ni ó kí wọn.

Kí Morádéún tó gbé ìdí kúrò lórí àga, Oghogho ti dé iwájú. Ó kó ọwọ́ lé orí.

"Sanya, abeg, sọ̀kalẹ̀. I dey beg you with God. Mo ti sin ọkọ, mi ò lè sin ìwọ náà. Padà wálé."

Omi ń dà lójú rẹ̀. Akínsànyà sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín pẹ̀lẹ́ kan tí Morádéún ò rántí pé òun ti gbọ́ ọ rí nílé òun. "Ìyá Osaro, ẹ má sunkún mọ́. Mo ti gbọ́," ni ó wí. Lẹ́yìn náà ló fi oríkì pe ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́ mi dà?"

Morádéún dìde. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n Oghogho ti sọ ọ́. Bí òun náà bá wí i, á wá dà bí ẹni tó ń gbe orin fún ẹlòmíì lórí ọ̀rọ̀ ọkọ òun. Bí Akínsànyà bá sì sọ̀kalẹ̀ lóòótọ́, títí ayé ni wọ́n á máa ròyìn rẹ̀ ní Liverpool Road pé ẹkún Ìyá Osaro ló gbà á lọ́wọ́ ikú. Gbogbo ìgbà tó bá sì ń jẹun lórí tábìlì òun ni òun á máa rántí. Morádéún wá inú ara rẹ̀ wò fún nǹkan kan tí Oghogho ò ní, ó sì rí i. Obìnrin Ẹdó yìí lè sè, ó lè sunkún, kò lè ki ọmọ Ìjẹ̀bú. Ló bá gbé ohùn sókè.

"Àjàní! Àjàní ọkọ mi!
Akínsànyà ọmọ alárè, ọmọ Ọbańta.
Baba rẹ wọ ọ̀sà l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, ó bá ìjì pàdé, ó gbẹ́ja wálé.
Baba baba rẹ wọ ọ̀sà, kò wẹ̀yìn.
Omi kì í pa ọmọ ẹja.
Akin ni wọ́n sọ ọ́, wọn ò sọ ọ́ ní Ojo.
Ẹni tó bá fẹ́ kí o sá, kó lọ fẹ́ ojo.
Àjàní, máa lọ, kí wọ́n rí ẹni tí mo fẹ́!"

Gbogbo yàrá náà ru. Bàbá Ṣódìyà tó ní kí wọ́n sá lẹ́ẹ̀kan gbàgbé ara rẹ̀, ó ní, "Hẹn-ẹn, ọmọ Ọbańta!" Lójú tẹlifíṣọ̀n, Akínsànyà dúró gbọnrangandan. Ó nu ọwọ́ mọ́ épírọ́ọ̀nù. Àyà rẹ̀ gbéra bí ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ìwúkàrà sí.

"Àbẹ̀kẹ́," ló wí, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà, "o ò kì mí báyìí rí."

Ó yíjú sí ọ̀gá ọkọ̀, ó ní kí wọ́n kọ orúkọ òun mọ́ àwọn tó ń lọ. Preye ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọjú, ó ní, "Me too, sir." Perpetual jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Oghogho wo Morádéún. Kò bínú, ó kàn ń wò ó. Morádéún náà wò ó padà, n kò sì ní purọ́ fún yín, inú rẹ̀ dùn. Ìdùnnú náà bá a dé inú kẹ̀kẹ́. Ó bá a gba gbogbo títì kọjá láàárín tírélà. Nígbà tó máa fi sọ̀kalẹ̀ ní Bàǹdẹ̀rì, kò sí lára rẹ̀ mọ́, ẹ̀rù ló kù. Ó yọ fóònù, ó pe ọkọ rẹ̀, kò wọlé. Ó tún pè é, ó tún pè é. Ọ̀gá ọkọ̀ ti ní kí wọ́n pa gbogbo fóònù, nítorí ọkọ̀ tó bá ń wọ ojú ogun kì í jẹ́ kí ọ̀tá gbọ́ ohùn òun. Ẹyin lohùn, bó bá ti balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Wọ́n ní ìrìn ọjọ́ mẹ́ta àti ààbọ̀ ni. Tochukwu ní nǹkan kan lórí fóònù rẹ̀ tó ń fi ibi tí ọkọ̀ wà hàn, àmì kékeré kan tó ń rìn lórí omi. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, àmì náà pòórá. Azubuike ní kí wọ́n má fòyà, pé ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló pa á kí ọ̀tá má bàa rí i. Láti ìgbà náà ni àwọn ẹbí ti ń wá jókòó sí àgbàlá rẹ̀ ní Wharf Road láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ogun sé wọn mọ́bẹ̀ bó ṣe sé àwọn tó wà lórí omi mọ́.

Ẹ gbọ́, owú ò sinmi níbẹ̀ náà. Bí Oghogho bá dé ní aago mẹ́jọ, Morádéún á dé ní méje lọ́jọ́ kejì. Bí Oghogho bá ní òun ò tíì lọ, Morádéún ò ní dìde. Oghogho a máa gbé kúlà ìrẹsì àti ọbẹ̀ wá fún gbogbo wọn, wọ́n á jẹ, wọ́n á súre fún un. Morádéún á ní òun gbààwẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, Perpetual ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ pẹ̀lú agbára, ó ní kó má bàa dákú sí òun lọ́rùn. Ó tọ́ ọbẹ̀ náà wò. Edé gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ kúnná, ewé efinrin tí wọ́n já sí i nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n sọ̀ ọ́, iyọ̀ tí kò pọ̀. Ọbẹ̀ Akínsànyà ni. Ọbẹ̀ tó ti ń pè ní adùn ilé rẹ̀ láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, ọbẹ̀ Oghogho ló ń jẹ. Ó gbé ṣíbí kalẹ̀, ó lọ sẹ́yìn kọ̀ńténà kan, ó sunkún. Àwọn tó rí i rò pé ọkọ rẹ̀ ló ń sunkún fún.

Ọjọ́ kẹrin ni Azubuike jáde sí wọn, kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó ní wọ́n ti lu Kalísta láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó sì ti rì. Ọkọ̀ ogun kan gbé ènìyàn mẹ́rìndínlógún nínú omi. Preye wà níbẹ̀, àbúrò Tochukwu wà níbẹ̀. Ẹni méjì ni wọn ò rí, òyìnbó kan àti ẹni tó ń dáná.

"Orí yeye ní Mògún, t'àìṣẹ̀ ló pọ̀," ni Bàbá Ṣódìyà wí, ó sì ṣí fìlà.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí Preye tó dé. Ìyá Akínsànyà ti wá láti Ẹ̀pẹ́, wọ́n gbé e wọlé lórí àga. Morádéún jókòó tì í nínú pálọ̀ pẹ̀lú aṣọ dúdú lọ́rùn. Oghogho wá pẹ̀lú, ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí. Nígbà tí Preye wọlé ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá àgbà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Ìjọ́ ni, nítorí Ajégúnlẹ̀ ló tọ́ ọ.

"Sọ ọ́ fún mi," ni ìyá náà wí. "Má fi nǹkan kan pa mọ́."

"Sunday morning ni, Mama. Bread ló ń pò lọ́wọ́. Ó ní kí n gbé tíì captain lọ sókè. Mi ò tíì gbé kọ́ọ̀pù yẹn kalẹ̀ tí nǹkan fi gbá ọkọ̀ nídìí. Orí ẹ́ńjìnnì gan-an ni kíṣìnnì wa wà. Mo sáré padà, ilẹ̀kùn ti há. A fi irin bá a jà, a fi àáké bá a jà, omi ń gòkè. Ó wá ti inú pè mí. Ó ní, 'Preye, go. Mo tú ẹ sílẹ̀ nínú ìbúra.'" Ó fi apá nu ojú. "Mo dúró. Àwọn mìíràn ló fà mí kúrò níbẹ̀."

Ìyá àgbà mi orí. "Ṣé ó ti fẹ́ lọ sínú ogun náà tẹ́lẹ̀ ni?"

"Rárá o, Mama. Báàgì ẹ̀ ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn kí wọ́n tó pe àwọn èèyàn wa lórí fóònù. Ó ti pàlẹ̀ ẹrù mọ́. Ó sọ fún mi pé Ẹ̀pẹ́ lòun máa kọ́kọ́ lọ."

Morádéún ò mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ó di ọwọ́ àga mú.

"Ta ló wá ní kó máa lọ?" ni ìyá àgbà bèèrè.

Preye doríkodò. Ìyá àgbà wò ó, ó wo Morádéún, ó tún wo Preye. "Mo ní ta ló ní kí ọmọ mi máa lọ?"

"Èmi ni, Mama."

Oghogho ló sọ̀rọ̀. Ó ti dìde lẹ́nu ọ̀nà, ó wá kúnlẹ̀ síwájú ìyá náà lórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Ìwọ? Kí lọmọ mi fi ṣe ẹ́?"

"Kò fi nǹkan kan ṣe mí, Mama. Mo fẹ́ràn ẹ̀ ni. Mo fẹ́ kó di ńlá. Èmi ni mo tì í."

Ìyá àgbà gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ètè rẹ̀ sì ti ń wá èpè tí ìyá máa ń ṣẹ́ fún ẹni tó pa á lọ́mọ jẹ.

Ẹni tó gbọ́n á dákẹ́ níbẹ̀. Kò sí ẹni tó máa tú Morádéún fó. Ṣùgbọ́n ó wo obìnrin náà lórí kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀, bó ṣe gbé ikú Akínsànyà ka orí bí ẹni tó jogún rẹ̀. Ó ti gba ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ó ti gba ẹ̀rín rẹ̀. Ó gba adùn ọbẹ̀ tó wà nínú ìkòkò ilé yìí. Ó ti sọ ọ́ lójú ìyá ọkọ pé òun fẹ́ràn ọkùnrin náà, ẹnikẹ́ni ò sì lè bá a wí. Ó wá fẹ́ gba èyí náà.

"Irọ́ ló ń pa, mà," ni Morádéún wí.

Ó dìde. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó bá Oghogho sọ̀rọ̀ láìlo ẹ̀yin láyé rẹ̀ nìyẹn. "Dìde níbẹ̀. Kì í ṣe tìẹ."

Oghogho ò dìde. "Ìyàwó wa, jókòó, I beg you," ló rọra wí.

"Ohun tí o sọ fún un ni pé kó sọ̀kalẹ̀. Gbogbo wa la gbọ́. Èmi ni mo ní kó máa lọ, mà. Mo kì í títí orí ẹ̀ fi wú, torí pé obìnrin yìí ti sọ ohun tí ẹ rán mi kí n tó sọ ọ́. Èmi ni ìyàwó ẹ̀."

Ó fi èjìká ti Oghogho sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó kúnlẹ̀ sójú ibẹ̀ gan-an, ó sì gbójú sókè sí ọwọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ tí kò tíì sọ̀kalẹ̀.